Bákónì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn: croton ń wọ́wé, ixora ń pọ́n, ewé monstera ń ya

BákónìKarùn-ún:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà nídìí òdòdó. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Àjà karùn-ún ni bákónì náà wà. Ó gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 1.2, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí. Ògiri símẹ́ńtì tó ga dé ìbàdí wà níwájú rẹ̀, bákónì ti òkè ló sì bò ó lórí. Oòrùn kì í dé ibẹ̀ títí di nǹkan bí aago kan ọ̀sán; láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ganrínganrín ni. Atẹ́gùn ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, àgàgà bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni croton méjì, ixora kan, monstera kan, peace lily méjì àti ojà ìkòokò (snake plant) kan. Gbogbo wọn ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ croton ń já bọ́ lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ku igi lásán. Ewé tuntun ixora ń pọ́n rúsúrúsú, àmọ́ iṣan ewé náà ṣì dúdú minimini. Ewé monstera ya, etí rẹ̀ sì ń gbẹ. Àbààwọ́n funfun tó gbẹ bíi bébà wà láàárín ewé peace lily, ó sì máa ń sorí kọ́ lọ́sàn-án. Ojà ìkòokò nìkan ni nǹkan kan ò ṣe.

Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin gbogbo wọn, ife kan sí ìkòkò kan. Iyẹ̀pẹ̀ ọgbà lásán ló wà nínú ìkòkò gbogbo wọn. Ṣé omi ni kò tó ni, àbí ó ti pọ̀ jù? Kí ni kí n ṣí nípò? Mo tún fẹ́ fi bougainvillea kan kún un.

---

Olùtọ́jú_Ọ̀gbìn:

Ẹ kú àmójútó. Bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ yìí dára, ó jẹ́ kí a mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tíì fi kún omi, ẹ má sì da ajílẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn ná. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ṣàìsàn kò lè jẹun; ajílẹ̀ tí ẹ bá dà sí i, iyọ̀ lásán ni yóò dì sí ìdí rẹ̀, yóò sì jó ìwọ̀nba gbòǹgbò tó kù.

Ti peace lily ló hàn jù. Àbààwọ́n funfun gbígbẹ láàárín ewé, níbi tó kọjú síta, oòrùn ló jó o. Abẹ́ igi ńlá nínú igbó ni irú rẹ̀ ń hù sí, níbi tí oòrùn ti ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Oòrùn aago méjì ọ̀sán kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Ibi tó ti jó kò ní padà di tútù mọ́, nítorí náà ẹ gé ewé tó bá ti bàjẹ́ ju ìdajì lọ láti ìdí, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ títí tuntun yóò fi jáde. Ẹ wá gbé méjèèjì sí ilẹ̀, kí ẹ̀yìn wọn kan ògiri iwájú yẹn. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń rẹlẹ̀ sí i ni òjìji ògiri náà ń gùn sí i, ìdí rẹ̀ gan-an sì wà lábẹ́ ibòòji látọ̀sán dalẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé etí bákónì ni oòrùn pọ̀ sí jù, wọn ò rántí pé lókè ògiri lóòótọ́ ni, kì í ṣe nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé ìkòkò kankan síbì kan, ẹ dán ibẹ̀ wò. Ẹ tẹ́ bébà funfun sí ibi tí ewé yóò wà, ẹ na ọwọ́ sókè rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Bí òjìji ọwọ́ bá mú ṣáká tí ẹ lè ka ìka kọ̀ọ̀kan, oòrùn ibẹ̀ le: croton, ixora, hibiscus àti bougainvillea ló ni ibẹ̀. Bí ẹ bá rí òjìji ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, monstera, philodendron àti pèrègún ni kó wà níbẹ̀. Bí òjìji bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ti peace lily àti money plant ni. Ojà ìkòokò ò ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ibikíbi ni yóò gbà. Ẹ ṣe ìdánwò yìí láago 9, láago 12 àti láago 3, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, torí ojú lásán máa ń tan èèyàn. Ibi tó mọ́lẹ̀ lójú wa lè ṣókùnkùn lójú ewé.

Ti ixora yàtọ̀. Ewé *tuntun* ló ń pọ́n, iṣan ewé ò sì pọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Ká ní ewé àtijọ́ ló kọ́kọ́ pọ́n látòkè délẹ̀, a ó sọ pé ebi náítírójìn ló ń pa á, nítorí igi máa ń fa náítírójìn jáde lára ewé àgbà kó lè fi bọ́ ọ̀dọ́. Áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà irin inú ilẹ̀) kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ ewé kan, ibẹ̀ ló wà títí. Nítorí náà ewé tuntun ni àìní rẹ̀ ń kọ́kọ́ hàn lára. Ó sì ṣeé ṣe kí áyọ́ọ̀nù kún inú iyẹ̀pẹ̀ yín, kí gbòǹgbò má rí i fà. Ixora fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, pH (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe ga tó ni ilẹ̀ kì í kan mọ́) 5 sí 6. Bí ẹfun símẹ́ńtì bá wà nínú iyẹ̀pẹ̀ náà, àgàgà iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nítòsí ilé, tàbí tí omi tí ẹ ń lò bá jẹ́ irú èyí tó ń fi èèpá funfun sílẹ̀ nínú ìkòkò ìsemi, pH á gòkè, áyọ́ọ̀nù á sì dì mọ́ ilẹ̀. Ẹ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ẹ máa fi omi òjò rin ín bí ẹ bá rí i, ẹ sì wá áyọ́ọ̀nù olómi tí wọ́n kọ *EDDHA* sí lára, nítorí èyí ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí pH ti ga. Bí wọ́n bá ṣe kọ ìwọ̀n sára páálí rẹ̀ ni kí ẹ lò ó. Ewé tó ti pọ́n lè má padà, ohun tí yóò hù lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa wò.

Ti croton, mo fẹ́ béèrè kí n tó sọ̀rọ̀. Croton máa ń wọ́wé bí wọ́n bá ṣí i nípò, gbogbo ẹni tó ń gbìn ín ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kó tó dáwọ́ dúró. Tiyín ti di mẹ́fà. Ẹ fi èékánná họ èèpo igi rẹ̀ díẹ̀: ṣé abẹ́ rẹ̀ tutù àbí ó ti gbẹ? Ẹ sì jọ̀ọ́, ṣé ihò wà lábẹ́ ìkòkò náà?

---

AtẹgùnÒkè:

Wọ́n ti fi monstera sílẹ̀ fún mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ mí.

Atẹ́gùn ló ń ya á, atẹ́gùn náà ló sì ń gbẹ etí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láìdúró máa ń fa omi jáde lára ewé ju bí gbòǹgbò ṣe lè gbé e wá lọ. Etí ewé ló jìnnà jù sí orísun omi, òun ló sì ń kọ́kọ́ kú. Ohun kan náà ló ń mú kí peace lily sorí kọ́ lọ́sàn-án. Bó bá sorí kọ́ lọ́sàn-án tó sì ti nàró lóru láìjẹ́ pé ẹ bomi rin ín, oòrùn àti atẹ́gùn ni. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá tutù tó ṣì sorí kọ́ di òwúrọ̀, gbòǹgbò ni, omi sì ni ohun tó kẹ́yìn tí ẹ gbọ́dọ̀ fún un.

Ẹ gbé monstera sí igun tí ògiri ilé àti ògiri ẹ̀gbẹ́ ti pàdé. Fún atẹ́gùn fúnra rẹ̀, ẹ ta àwọ̀n aláìlójú-fẹ̀ síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kọ 50% sí lára. Ẹ má fi pákó tàbí ike tó dí pa dí i o. Nǹkan tó dí pa máa ń mú kí atẹ́gùn fò kọjá lórí rẹ̀, kó wá bọ́ lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìjì kékeré, igi tí ẹ sọ pé ẹ ń bò á wá rí ìyà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọ̀n máa ń sẹ́ ẹ ni, yóò sì tún dín oòrùn ọ̀sán kù ní ìdajì. Ẹ so ó ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí àwọ̀n tí a so ní igun mẹ́rin nìkan yóò di ìgbòkun lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá le.

Ohun tí ẹ ò béèrè rèé, mo sì fẹ́ sọ ọ́: ìwọ̀n. Iyẹ̀pẹ̀ ọgbà tó ti mu omi yó máa ń wúwo tó nǹkan bíi kìlò 1.8 fún lítà kan. Ìkòkò mẹ́jọ tó gba lítà 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ti gbé nǹkan bíi kìlò 290 sórí bákónì, èèyàn ò tíì dúró níbẹ̀. Àdàpọ̀ fífúyẹ́ tó jẹ́ ti èèpo àgbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju kìlò kan fún lítà kan lọ lẹ́yìn tó bá mumi. Ẹ bi ẹni tó ń mójú tó ilé náà léèrè iye tí bákónì lè gbé. Ìkòkò tó wúwo jù, ìdí ògiri ilé ni kó wà, kì í ṣe etí ìta, torí bí ẹrù ṣe ń jìnnà sí ibi tí bákónì ti fara mọ́ ilé ló ń wúwo lórí rẹ̀ sí i. Ẹ má gbé ìkòkò kankan sórí ògiri iwájú láéláé, ìbáà jẹ́ kékeré bí ife. Láti àjà karùn-ún, ìkòkò kékeré ti di òkò.

---

Ìkòkò_Amọ̀:

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, bí ìka mẹ́ta, kí omi lè máa rí ibi ṣàn sí. Yóò tún jẹ́ kí ìkòkò wúwo nísàlẹ̀, atẹ́gùn ò ní lè dà á nù.

---

Gbòǹgbò_Funfun:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ní láti ta ko òkúta yẹn. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́, àmọ́ omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi kì í fi iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sínú òkúta àfi bí iyẹ̀pẹ̀ náà bá ti yó kẹ́ri. Nítorí náà ipele tó tutù ṣìnkìn, èyí tó yẹ kó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò wá gòkè dúró sórí òkúta, gbòǹgbò yóò sì súnmọ́ ọn. Ẹ fi kànrìnkàn dán an wò: ẹ rì í sómi, ẹ gbé e nílẹ̀ gbọọrọ lórí ọwọ́ títí kò fi kán mọ́, ẹ wá gbé e dìde lóòró. Omi yóò tún jáde. Ìjìnlẹ̀ ló ń mú omi ṣàn kúrò, òkúta sì ń gé ìjìnlẹ̀ ìkòkò kúrú ni.

Ohun tí ẹ sọ nípa ìwúwo, òótọ́ ni. Kí wọ́n gbé ìkòkò oníke sínú èyí tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, kí wọ́n wá da òkúta sí àárín àwọn méjèèjì. Ìyẹn kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn dà á, kò sì ní jẹ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ se gbòǹgbò. Ìkòkò dúdú tí oòrùn ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 40°C, gbòǹgbò tó wà lápá ibẹ̀ á sì kú. Ẹ̀yin tó ni bákónì, bí ẹ bá rí igi tó ń gbẹ lápá kan ṣoṣo, ẹ wo apá tí oòrùn wà. Ìkòkò ìta náà gbọ́dọ̀ ní ihò o.

Ó wá ku iyẹ̀pẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ọgbà nínú ìkòkò kì í ṣe ohun tó jẹ́ nínú ilẹ̀. Nínú ilẹ̀, ekòló àti gbòǹgbò igi mìíràn ń là á sí wẹ́wẹ́. Nínú ìkòkò ó máa ń dì ni, bí búrẹ́dì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè wọ inú rẹ̀. Gbòǹgbò ń mí; láìsí afẹ́fẹ́ ó kú, kó tó di pé ó jẹrà. Èyí tó máa bá bákónì yín mu nìyí:

Fún croton, ixora àti peace lily: èèpo àgbọn lílọ̀, tí àwọn olódòdó ń pè ní cocopeat, òṣùwọ̀n 2, ewé jíjẹrà tó ti dúdú tí kò rùn mọ́, òṣùwọ̀n 1, perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́) tàbí yanrìn odò oníhóró ńlá, òṣùwọ̀n 1.

Fún monstera: èèpo igi gígé wẹ́wẹ́ bí èékánná, òṣùwọ̀n 2, èèpo àgbọn lílọ̀ 2, perlite 1, ẹ̀kúnwọ́ èédú fífọ́ kan. Ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba ìdí rẹ̀ kọjá.

Fún ojà ìkòokò: ìdajì rẹ̀ kí ó jẹ́ yanrìn oníhóró ńlá tàbí perlite.

Ẹ fọ èèpo àgbọn náà kí ẹ tó lò ó, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Omi oníyọ̀ ni wọ́n máa ń rẹ èèpo àgbọn sí níbi púpọ̀, iyọ̀ yẹn sì ń jó etí ewé. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ fún un, ẹ da omi nù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Omi kẹta yẹ kó mọ́ ju omi tíì lọ. Ohun mìíràn: bí ó bá ti gbẹ tán pátá, ó máa ń kọ omi. Ẹ ó bomi sí i, omi á gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sáré jáde nísàlẹ̀, àárín á ṣì gbẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ìkòkò náà sínú bàsíà omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí kò fi ní yọ ìfóòfòó mọ́.

Ẹ ẹ̀ gbọdọ̀ lo ìkòkò tó tóbi ju èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lọ ní ẹnu. Iyẹ̀pẹ̀ tí gbòǹgbò ò tíì dé, omi rẹ̀ ò sí ẹni tí yóò mu ún.

---

BákónìKarùn-ún:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti lọ wò ó.

Croton àkọ́kọ́: abẹ́ èèpo igi rẹ̀ tutù. Èkejì, èyí tó ku igi lásán, tutù nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n ó gbẹ láti àárín lọ sókè. Ìkòkò oníke tí méjèèjì wà nínú rẹ̀ ní ihò, àmọ́ ìkòkò alárànbarà kan wà níta tí kò ní ihò. Mo gbé tinú jáde, omi ga tó ìka méjì nínú tìta, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Nígbà tí mo fa èkejì jáde, gbòǹgbò rẹ̀ dúdú. Bí mo ṣe fà á díẹ̀, èèpo rẹ̀ yọ́ kúrò bí àpò, okùn tín-ín-rín ló kù sí mi lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ ní dúdú díẹ̀ nínú, èyí tó pọ̀ jù funfun, ó sì le.

Kòkòrò ńkọ́? Mo rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn tín-ín-rín lábẹ́ ewé díẹ̀ lára croton náà.

---

Olùtọ́jú_Ọ̀gbìn:

Ẹ ti rí i. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn, èèpo tó yọ́ kúrò bí àpò, gbòǹgbò jíjẹrà ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Òórùn ẹyin bàjẹ́ náà ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti tán nínú omi yẹn. Ewé ń já kì í ṣe nítorí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́: gbòǹgbò tó kú ò lè fa omi, igi náà ń kú fún òùngbẹ nínú omi.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, oje croton máa ń mú kí ara yún àwọn kan. Ẹ fọ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Ẹ fi sípíríìtì nu sísọ́ọ̀sì, ẹ gé gbogbo ohun tó dúdú tó sì rọ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan ibi tó funfun. Ẹ tún nu sísọ́ọ̀sì kí ẹ tó bọ́ sórí igi kejì. Bí ẹ bá ti gé ìdajì gbòǹgbò, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta orí igi náà kúrò, kí ẹnu tó ń jẹ má ju ọwọ́ tó ń wá a lọ. Ti èkejì, ẹ gé e látòkè títí ẹ ó fi kan ibi tó tutù, ẹ má ṣàánú rẹ̀.

Ẹ gbìn wọ́n sínú ìkòkò tó *kéré* ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí gbòǹgbò tó kù bá ṣe tó. Ẹ bomi rin lẹ́ẹ̀kan kó ṣàn jáde nísàlẹ̀, ẹ wá fi sílẹ̀ níbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn ò ti kàn án tààrà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan nínú oòrùn lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Croton tó wà lábẹ́ ibòòji títí ayé yóò yè, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá di ewé tútù lásán, kò sì sẹ́ni tó torí ìyẹn rà á. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìkòkò alárànbarà yẹn, ẹ lu ihò sí i tàbí kí ẹ gbé tinú jáde nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ bomi rin ín, kí ẹ jẹ́ kó ro tán kí ẹ tó dá a padà.

Ọ̀rọ̀ ife kan láràárọ̀ ńkọ́? Ìkòkò lítà 2 á rì sómi, ìkòkò lítà 20 ò ní mọ̀ pé ẹnì kan bomi rin òun. Orí iyẹ̀pẹ̀ nìkan ló tutù. Ẹ ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4. Bó bá tutù, ẹ kọjá lọ. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín títí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá omi náà yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ da ohun tó wà nínú abọ́ ìsàlẹ̀ nù. Ojà ìkòokò, ẹ jẹ́ kó gbẹ látòkè délẹ̀ kí ẹ tó tún fún un lómi. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kan fún un. Láìpẹ́, bí ẹ bá gbé ìkòkò sókè díẹ̀, ọwọ́ yín nìkan á sọ fún yín bóyá ó fẹ́ omi.

---

AtẹgùnÒkè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abọ́ ìsàlẹ̀ ṣeré. Omi tó bá dúró nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tanwíjí ti wà níbẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ sí i ó di ẹ̀fọn. Àìlo abọ́ rárá náà ò dára, torí omi ìdọ̀tí yóò máa kán sórí aṣọ ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ yóò sì dí ihò tí omi ń gbà jáde lórí bákónì. Ẹ fi bíríkì wẹ́wẹ́ gbé ìkòkò ga ní sẹ̀ǹtímítà 2 nínú abọ́, kí ìdí rẹ̀ má jókòó sómi.

---

Gbòǹgbò_Funfun:

Òwú tín-ín-rín yẹn: ẹ mú bébà funfun sábẹ́ ewé, ẹ fi ìka gbá ewé náà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Bí ẹ bá rí àmì kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, ẹ dúró díẹ̀. Eruku ò lè rìn. Bí wọ́n bá ń rìn, tí ẹ sì fi ìka nù wọ́n tó fi àwọ̀ pupa tàbí rúsúrúsú sílẹ̀ lórí bébà, aláǹtakùn wẹ́wẹ́ tó ń fa oje ewé ni, spider mite. Ibi gbígbóná, gbígbẹ, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni ọjà rẹ̀, croton sì wà lára ohun tó fẹ́ràn jù. Bákónì yín pé gbogbo rẹ̀ fún un.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi tó ní agbára fọ abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ni mo wí, òkè ewé ò ní nǹkan kan. Èyí nìkan ń dín wọn kù gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ po òróró dongoyárò mílílítà 5 àti ọṣẹ olómi tí kò le mílílítà 2 mọ́ lítà omi kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ òróró, kí omi tó kẹ́yìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró yóò léfòó, ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ omi lásán, ẹni tó bá gba ti òkè sì jóná. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun. Ẹ fín in sábẹ́ ewé títí yóò fi máa kán. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lápapọ̀, nítorí kì í pa gbogbo ẹyin wọn, àwọn tó bá sì yọ jáde nínú ẹyin lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ bá yín níbẹ̀. Ẹ má ṣe é nígbà tí oòrùn bá ṣì ń ran o. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan fún ọjọ́ méjì, pàápàá fún igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ iṣẹ́ abẹ bíi ti croton yín. Ti èkejì tó ti ku igi, ẹ gbàgbé òróró. Omi nìkan tó.

Tí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn bá wà nílé, monstera, peace lily, caladium àti dumb cane, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ewé wọn, ẹnu rẹ̀ yóò ta á, yóò sì wú. Ẹ gbé wọn sí ibi tí ọwọ́ ò ní dé.

---

Ìkòkò_Amọ̀:

Mo gbà nípa òkúta. Mo ti fi kànrìnkàn dán an wò. Ó ṣe bí ẹ ṣe wí.

Bougainvillea tí wọ́n béèrè kù o, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn.

---

Olùtọ́jú_Ọ̀gbìn:

Òótọ́ ni. Bougainvillea fẹ́ oòrùn tààrà tó wákàtí mẹ́fà kó tó yọ òdòdó dáadáa. Láti aago kan ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ ní nǹkan bíi márùn-ún, bí àwọ̀n 50% ò bá sì bò ó. Nítorí náà ibì kan ṣoṣo ló ní lórí bákónì yín: igun tí àwọ̀n ò dé, lórí àpótí tàbí ìdúró tó lágbára tó gbé ẹnu ìkòkò rẹ̀ dé bí ògiri iwájú ṣe ga. Ẹ fi okùn so ìkòkò náà mọ́ ìdúró, ìdúró mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́, kò gbọdọ̀ lè ṣubú síta. Bó bá wà nílẹ̀, ewé lásán ni yóò máa hù, ẹ̀gún rẹ̀ yóò sì máa ya monstera yín.

Ìkòkò lítà 10 sí 15 ti tó o. Ó fẹ́ràn kí ààyè há díẹ̀. Bí ẹ bá ń yọ ọ́ kúrò nínú ike tó bá wá, ẹ fi ọ̀bẹ gé ike náà, ẹ má gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù, torí gbòǹgbò rẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń já, ẹ̀hónú rẹ̀ sì ń pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ díẹ̀ kí ẹ tó bomi rin ín. Omi ojoojúmọ́ àti ajílẹ̀ tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di igbó aláìlódòdó. Lẹ́yìn tí òdòdó kan bá ti rọ, ẹ gé ẹ̀ka yẹn sẹ́yìn bí ìdá mẹ́ta gígùn rẹ̀ kan, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ló ń yọ òdòdó sí.

Ẹ mójú tó croton ná o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí i kí ẹ tó ra igi tuntun; bí kòkòrò yẹn bá ṣì wà, bougainvillea tuntun náà ni yóò gbà á lálejò.

---

BákónìKarùn-ún:

Ẹ ṣé o. Mo ti gé croton méjèèjì, mo sì ti lu ihò mẹ́ta sí ìdí ìkòkò alárànbarà. Peace lily ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó dúró ṣánṣán láago mẹ́ta òní. Àwọ̀n ló kù.